Ẹ Má Tú Inú Rédíò Onífáàfù Dànù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Àwòrán kan tí ẹ gbé sí ojú ìwé ọ̀ṣọ́ ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ń kọ̀wé lé lórí. Rédíò onípákó ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì láàárín 1950 sí 1960. Ojú rẹ̀ jẹ́ dígí gbọọrọ, bọ́tìnnì funfun sì tò sí abẹ́ dígí náà láti òpin dé òpin. Ẹni tó ni ín ti tú gbogbo inú rẹ̀ kúrò, ó ti ki sípíkà Bluetooth sí i. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé wọ́n ti jí rédíò àtijọ́ dìde. Ọ̀gá Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, wọn kò jí i dìde. Àpótí ni wọ́n mú, rédíò ni wọ́n jù nù, ó sì dùn mí débi pé n kò lè dákẹ́.

Mo ń kó rédíò onífáàfù jọ, ìyẹn rédíò àtijọ́ tí àwọn gílóòbù dígí tí à ń pè ní fáàfù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, mo sì ń tún wọn ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ìgbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni mo máa ń jókòó tì wọ́n, kò sì sí ohun tó ń fún mi láyọ̀ tó kí èyí tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tún lanu sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ohun tó wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kí sukudiráfà tó kàn án, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n lè ṣe dípò kí wọ́n tú u.

Bí mo ṣe rí àwòrán yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dárúkọ ohun tí wọ́n yọ. Rédíò Jámánì ìgbà náà, yálà Grundig ni o, yálà Telefunken tàbí Saba, fáàfù kan náà ló sábà máa ń wà nínú wọn: ECC85, ECH81, EF89, EABC80, EL84, àti ojú idán kan, bíi EM80 tàbí EM34, tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé láti fi hàn bóyá a ti yí rédíò bọ́ sójú ibi tó yẹ. Orúkọ wọ̀nyí ní ètò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ iná tó ń mú fáàfù gbóná: E jẹ́ fóòtì 6.3, D jẹ́ ti rédíò bátìrì, fóòtì 1.4, U sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n so mọ́ ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pín iná ilé láàárín ara wọn. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: L ni ó ń fún sípíkà lágbára, M ni ojú idán, Z àti Y ni ó ń sọ iná AC di DC. Ẹni tó bá ti mọ èyí lè ka rédíò láti ẹ̀yìn bí ó ṣe ń ka ìwé.

Fáàfù fúnra rẹ̀ jẹ́ gílóòbù dígí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wáyà tín-ín-rín kan ń pọ́n nínú rẹ̀, ó ń mú ọ̀pá kékeré kan gbóná, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa bọ́ lára ọ̀pá náà, irin tó yí i ká, tí nǹkan bíi fóòtì 250 wà lára rẹ̀, á sì máa fà wọ́n mọ́ra. John Ambrose Fleming ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1904. Lẹ́yìn ọdún méjì, Lee de Forest ki wáyà kẹta sáàárín àwọn méjèèjì, gbogbo nǹkan sì yí padà. Iná kékeré tó bá dé ara wáyà àárín yẹn ló ń darí iná ńlá tó ń kọjá. Bí ohùn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó ti rẹ̀ ẹ́ tán, ṣe ń di ohùn tó kún yàrá nìyẹn. Nígbà tó di 1918, Edwin Armstrong, tó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Paris, ronú kan ètò tó ń sọ ìgbì tí a bá ń wá, ibi yòówù kó wà, di ìgbì kan ṣoṣo nínú rédíò, kó lè rọrùn láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó sún mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò Amẹ́ríkà, 455 kHz ni ìgbì kan ṣoṣo yẹn. Ètò Armstrong wà nínú rédíò inú àwòrán yín, kí wọ́n tó tú u. Gbogbo ọgbọ́n yìí ni wọ́n kó kúrò láti fi sípíkà ike sí i.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò pọn dandan. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ rédíò Yúróòpù ìgbà yẹn, ẹ óò rí ihò méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n kọ TA sí, tàbí PU, tàbí kí wọ́n ya àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gíráàmófóònù ni wọ́n ṣe ihò náà fún. Ẹ lè fi wáyà so ẹ̀rọ kékeré tó ń gba Bluetooth mọ́ ọn, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ méjì da ohùn òsì àti ti ọ̀tún pọ̀ di ẹyọ kan, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì TA níwájú. Orin fóònù yín á gba inú EL84 kọjá, á jáde láti sípíkà ńlá tí wọ́n ṣe fún àpótí yẹn gan-an. Mo ní Grundig kan tí mo so bẹ́ẹ̀. Tí mo bá yọ wáyà náà, rédíò ni, kò sí síkúrù kan tí mo tú nítorí rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ni rédíò inú àwòrán náà pé bí kò bá tíì ju ṣáásì rẹ̀ nù, ìyẹn àwo irin tí wọ́n to fáàfù àti gbogbo inú rédíò mọ́, kó gbé e pa mọ́. Ó ṣì lè padà sí ààyè rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rédíò la lè so nǹkan mọ́ báyìí, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àwọn kan wà tí kò ní tiransifọ́mà iná rárá. Mo ní Bush DAC90A kan, rédíò tí àpótí rẹ̀ jẹ́ Bakelite, ike líle àtijọ́, irú tí wọ́n gbé jáde ní 1950. UCH42, UF41, UBC41, UL41 àti UY41 ni fáàfù inú rẹ̀. Lẹ́tà U yẹn ni ìkìlọ̀. Ọ̀kan nínú wáyà iná ilé so mọ́ ṣáásì rẹ̀ tààrà. Bí wọ́n bá ki ẹnu wáyà bọ iná lódì, iná mànàmáná á wà lára gbogbo irin inú rédíò náà, ó sì lè pa ènìyàn. Àwọn tó ń ṣe irú rédíò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ìda dí ihò síkúrù tó wà lára bọ́tìnnì, kí ìka má baà kan irin. Nítorí náà, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, tàbí tí páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọnù, kò gbọdọ̀ rí iná títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ so fóònù mọ́ ọn. Èmi kì í fọwọ́ kan inú rẹ̀ láìjẹ́ pé iná rẹ̀ gba inú tiransifọ́mà tó ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé.

Ti Amẹ́ríkà náà wà bẹ́ẹ̀. Rédíò orí tábìlì tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ní fáàfù márùn-ún: 12SA7, 12SK7, 12SQ7, 50L6 àti 35Z5. Nọ́ńbà iwájú ni fóòtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà láti gbóná. Ẹ ro 12 lọ́nà mẹ́ta, ẹ fi 50 àti 35 kún un, ó di 121, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iná ilé wọn mu rẹ́gí. Nítorí pé ìlà kan ni gbogbo wọn wà, bí ọ̀kan bá jó, gbogbo wọn á ṣókùnkùn. Ẹni tó bá sì ki irú rẹ̀ bọ iná 230 láìlo tiransifọ́mà tó ń dín iná kù, kò ní rí ju ìmọ́lẹ̀ kan tó mọ́ rokoṣo, lẹ́yìn náà òórùn jíjó.

Ẹlòmíràn á sọ pé òun kò tú rédíò tòun, òun kàn ki í bọ iná láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn náà ń ba rédíò jẹ́, mo sì rò pé rédíò tó ti bá a lọ pọ̀ ju èyí tí sukudiráfà pa lọ. Nínú rédíò onífáàfù, àwọn kapásítọ̀ kan wà tí wọ́n fi bébà àti bébà irin tín-ín-rín ká pọ̀, tí wọ́n sì fi ìda bò. Bébà ń fa ọ̀rinrin. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kapásítọ̀ tó yẹ kó dí iná DC lọ́nà á máa jẹ́ kó jò kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè jò díẹ̀ kí rédíò má sì kú. Àmọ́ ọ̀kan wà tí kò gbọdọ̀ jò rárá: èyí tó gbé ohùn lọ sí wáyà àárín fáàfù tó ń fún sípíkà lágbára. Bí iná bá jò gba ibẹ̀, EL84 á ṣí sílẹ̀ gbayawu, iná á máa ya lu inú rẹ̀, á gbóná kọjá ààlà, tiransifọ́mà sípíkà á sì jó tẹ̀ lé e. Rédíò náà lè máa kọrin lákòókò tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé "ó ń sọ̀rọ̀" kò fi tó fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé rédíò kan sàn.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le fún ẹni tó mọ bí a ṣe ń bá iná lò. Ẹ yọ EL84 kúrò, ẹ tan rédíò, ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ kejì nínú ihò tí fáàfù náà ń wọ̀ sí ara ṣáásì. Òdo ló yẹ kó kà. Bí fóòtì kankan bá hàn níbẹ̀, kapásítọ̀ náà ti jẹrà. Èmi kì í tilẹ̀ dúró wọ̀n ọ́n mọ́. Gbogbo kapásítọ̀ onída ni mo máa ń pààrọ̀ kí rédíò tó rí iná, mo sì máa ń fi ti ìgbàlódé tó lè gba fóòtì 630 dípò rẹ̀. Àwọn agolo ńlá tó ń tún iná DC ṣe, tí omi inú wọn ti gbẹ, ni mo máa ń yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Àwọn ni kì í jẹ́ kí rédíò kùn. Bí ẹ bá gbọ́ ìkùn tó nípọn tí kò yí padà bí ẹ tilẹ̀ yí ohùn sísàlẹ̀, àwọn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n tún lè mú iná pa mọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò, nítorí náà rẹsísítọ̀ la fi ń fa iná yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ẹnu sukudiráfà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí rédíò bá máa rí iná lọ́wọ́ mi, gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà pípọ́n nínú máa ń wà lójú ọ̀nà iná rẹ̀. Gílóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí gílóòbù náà bá tàn díẹ̀ tó sì rẹlẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Bó bá tàn rokoṣo tí kò rẹlẹ̀, nǹkan kan ti fara kan nǹkan nínú rédíò, gílóòbù sì ti gba ìyà tí tiransifọ́mà ì bá gbà. Ẹnikẹ́ni tí kò bá mọ̀ nípa iná fóòtì 250, kó gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. N kò sọ èyí láti fi ẹ̀rù bà wọ́n kúrò nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀ ni.

Àwọn kan nínú àwa tó ń kó rédíò jọ gbà pé a kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun, pé kapásítọ̀ onída náà jẹ́ apá kan ìtàn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, n kò sì bá wọn jà lórí èyí tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò ní tàn mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe rédíò kó lè sọ̀rọ̀ ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń rọra yọ́ ìda, màá fa bébà inú rẹ̀ jáde, màá ki kapásítọ̀ tuntun tó kéré sínú páálí àtijọ́, màá sì tún fi ìda dí ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá wo abẹ́ ṣáásì yóò rí ohun tí àwọn tó ṣe é fi sí i. Àwọn agolo ńlá náà ṣì máa ń wà lókè níbi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n mo ti já wáyà wọn, tuntun ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́. Màá wá kọ ohun gbogbo tí mo pààrọ̀ sórí bébà, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo ṣe é, màá sì fi í sínú àpótí. Nínú rédíò mi kan, ẹnì kan tó tún un ṣe ní 1957 ti fi pẹ́ńsù kọ ọdún náà sí ẹ̀gbẹ́ tiransifọ́mà, n kò jẹ́ kí kànìnkànìn kàn án.

Ní ti ara àpótí, ẹ má fi bébà yíyún bó o, nítorí awẹ́ pákó tín-ín-rín ló wà lókè, ó máa ń tètè là. Ẹ má sì fi omi tàbí ọtí fọ ẹ̀yìn dígí ojú rẹ̀. Lẹ́tà ibẹ̀ á bọ́, kò sì sí bí a ṣe máa dá a padà. Bí ẹ bá rí páálí funfun tó rí bí páálí àjà ilé lókè ibi tí fáàfù ti ń gbóná, ó lè jẹ́ asbestos, tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ má ha á.

Dígí yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Hilversum, Luxembourg, Beromünster, Kalundborg, Athlone: orúkọ àwọn ìlú tí ohùn ti ń wá ni wọ́n kọ sí i, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kù tí irú rédíò bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ti dákẹ́. Deutschlandfunk, ilé iṣẹ́ rédíò Jámánì, pa ìgbì gígùn rẹ̀ ní ìparí 2014, ó sì pa ìgbì àárín ní ìparí 2015. Ní ìparí 2016, France Inter ti Faransé kúrò lórí 162 kHz. RTÉ ti Ireland pa 252 kHz ní oṣù kẹrin 2023. Nọ́wè tilẹ̀ kó àwọn ilé iṣẹ́ gbogbogbòò rẹ̀ kúrò lórí FM ní 2017. Síbẹ̀, ìgbì kúkúrú ṣì ń sọ̀rọ̀, ìgbì àárín náà sì máa ń rìn jìnnà lálẹ́, nítorí pé ìpele ojú sánmà tó máa ń gbé e mì lọ́sàn-án máa ń pòórá bí oòrùn bá ti wọ̀. Mo máa ń tan èyí tó ní ojú idán nírú àkókò bẹ́ẹ̀, màá rọra yí bọ́tìnnì, ìmọ́lẹ̀ ewé náà á máa sún mọ́ra wọn títí ẹnu rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ibẹ̀ sì ni ohùn náà á ti já gaara. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń rẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, nítorí náà n kì í tan án sílẹ̀ lásán.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ fáàfù tó kù láyé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe tiransísítọ̀, ohun kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ fáàfù, ní ilé iṣẹ́ Bell ní 1947, tí rédíò àpò Regency TR-1 sì jáde ní 1954, ọjọ́ fáàfù nínú rédíò ti ń lọ sópin. EL84 ṣì ń jáde lónìí láti Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, nítorí àwọn olórin tó ń lò ó nínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. ECH81 kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà nínú páálí láti ìgbà yẹn, tàbí èyí tí a bá yọ lára ṣáásì mìíràn, nìkan ló kù. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ní Zenith Trans-Oceanic, rédíò àgbérìn ti Amẹ́ríkà, nípa fáàfù 1L6 inú rẹ̀, wọn yóò sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń wá a. Ṣáásì kan tí wọ́n bá jù sí ààtàn lè jẹ́ ohun tí rédíò méjì mìíràn ń retí, bí ti ara rẹ̀ tilẹ̀ ti jó tán. Bí ẹnì kan bá ti pinnu pé àpótí nìkan lòun fẹ́, kó fi inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún un ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ wà fún èyí: Antique Wireless Association ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1952, British Vintage Wireless Society sì bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n wo orí gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Àmì bárííọ̀mù kan wà níbẹ̀ tó ń dán bíi dígí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mu afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù. Èyí tí àmì rẹ̀ bá ti di funfun ti gba afẹ́fẹ́ sínú, ó ti kú. Àwọn tó kù ni kí wọ́n dì dáadáa.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi gùn. Bí ààyè kò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ lè gé ọ̀rọ̀ Fleming àti Armstrong kúrò, ẹ sì lè gé ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ti dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa rédíò tí kò ní tiransifọ́mà àti kapásítọ̀ onída, nítorí ẹni tó rí àwòrán yín lè ti máa wá irú rẹ̀ kiri láti ki bọ iná.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún rédíò onífáàfù ṣe